Lẹ́ńsì Tí Mo Rà Torí Ojú Ìyá Ọkọ Mi

Pálọ̀ ìyá ọkọ mi nílùú Ìrókò máa ń rùn fún kàfúrà. Wọ́n ń fi í sínú àpótí aṣọ, wọ́n ń fi í sábẹ́ tìmùtìmù àga, wọ́n tún ń so ó mọ́ igun kọ́tìnnì kí aáyán má baà wọlé. Nílé tí wọ́n ti bí mi, òkú ni wọ́n ń lo kàfúrà fún, nítorí náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ yẹn, ara mi á kọ́kọ́ ṣe gìrì kí n tó wọlé lọ kí wọn. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọkọ mi, á ní àṣejù ló ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ti gbé ilé ọkọ rí, o mọ̀ pé imú kì í parọ́ nípa ibi tí wọn ò ti fẹ́ èèyàn.

Wọn ò fẹ́ mi. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ṣe kátíkísì ní ìjọ Áńgílíkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn fúnra wọn sì ti fi ọmọ tíṣà kan sọ́kàn fún ọmọ wọn kó tó di pé ó mú èmi, ọmọ ààfáà, wá sílé. “Ọmọ ìmàle” ni wọ́n ń pè mí, lójú mi àti lẹ́yìn mi. Bí mo bá se ọbẹ̀, wọ́n á fi ṣíbí tú u wò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Èmi náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Èèyàn lè kí àgbà kí ìkíni náà jẹ́ èébú. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, mo sì ń ṣe é fún wọn.

Ọgbà ìwádìí irúgbìn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kámẹ́rà sì ni iṣẹ́ mi níbẹ̀. Èmi ni mo ń ya ewé ẹ̀gẹ́ tí àìsàn ń ṣe àti kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, kí àwọn olùwádìí lè fi wọ́n sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí iṣẹ́ nílé ọkọ mi, títí di ọdún tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná ojú ìyá ọkọ mi díẹ̀díẹ̀. Dókítà sọ pé èyí tó ti lọ ti lọ, pé oògùn á kàn máa di èyí tó kù mú fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò sunkún. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ń fẹ́ fọ́tò ńlá tí àwọn á gbé kọ́ ògiri, kí àwọn rí ojú ara àwọn kílẹ̀ tó ṣú. Ikán ti jẹ fọ́tò ìgbéyàwó wọn àti gbogbo èyí tó wà nínú àpótí. Èyí tó wà lórí fóònù àwọn ọmọ ò wúlò fún wọn, torí pé ìmọ́lẹ̀ fóònù náà ń ta wọ́n lójú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú onífọ́tò kan wá láti Ṣáṣá. Bí fíláṣì ọkùnrin náà ṣe kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, ìyá ọkọ mi figbe ta, wọ́n fọwọ́ bojú, omi ń dà. Ẹ̀ẹ̀kejì tó dán an wò, ọ̀pá ni wọ́n nà sí i. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ. Ìta ò ṣeé lọ, oòrùn ń gún wọn lójú. Inú pálọ̀ yẹn nìkan, tí wọ́n bá ṣí fèrèsé kan ṣoṣo díẹ̀, ni ojú wọn ti máa ń rọgbọ.

Ọkọ mi ló dárúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ewé ẹ̀gẹ́ ló ń yà. Ṣé ewé ẹ̀gẹ́ ni Màmá?”

Ìyá ọkọ mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. “Bí kò bá ti ní tan iná sí mi lójú, kó wá.”

Mo lọ, mo sì tẹ́. Lẹ́ńsì tó wà lára kámẹ́rà mi, irú èyí tí èèyàn ń yí tí nǹkan á fi sún mọ́ni tàbí kó sún sẹ́yìn, dára nínú oko lábẹ́ oòrùn. Nínú pálọ̀ yẹn, kò rí ìmọ́lẹ̀ tó. Kámẹ́rà ní láti lajú pẹ́ kó tó rí nǹkan, bẹ́ẹ̀ orí àgbàlagbà máa ń gbọ̀n díẹ̀. Gbogbo fọ́tò náà jáde bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gba kámẹ́rà, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi ìka méjì dá a padà fún mi bí ẹni mú aṣọ ìdọ̀tí. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ìfẹ́ kọ́ ló gbé mi dé àdúgbò Ọlọ́runṣògo lọ́jọ́ kejì, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta lẹ́ńsì àlòkù nínú ilé rẹ̀. Ìbínú ni. Mo sọ ìṣòro mi fún un, ó sì gbé lẹ́ńsì méjì kalẹ̀ lórí aṣọ ìnujú, ọ̀kan àádọ́ta mìlímítà, ìkejì, tó gùn jù ú lọ, márùn-dín-láàádọ́rùn-ún. Méjèèjì kì í sún. Bí o bá fẹ́ kí nǹkan tóbi, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi rìn lọ bá a. Ṣùgbọ́n ojú wọn là gbàgà, wọ́n ń mu ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mo fi èyí tó gùn wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú obìnrin náà yọ kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Ọkàn mi fà sí i gan-an.

“Tó bá di ti ojú èèyàn, ìyẹn lọ̀gá wọn,” ọkùnrin náà sọ. “Ṣùgbọ́n báwo ni yàrá yẹn ṣe tóbi tó, mà?”

Mo ronú. Láti ìdí àga ìyá ọkọ mi dé ògiri tó kọjú sí i kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, kọ́bọ́ọ̀dù sì ti gba ọ̀kan nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀pá wọn àti ọwọ́ wọn jáde nínú fọ́tò. Pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn yẹn, orí nìkan ló máa gbà, àfi tí mo bá lu ògiri kọjá. Mo gbé e sílẹ̀ tìkanratìkanra, mo mú àádọ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ ni mo padà lọ. Mo fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé kámẹ́rà sójú, pálọ̀ yẹn sì mọ́ nínú rẹ̀ ju bí ojú èmi fúnra mi ṣe rí i lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ò wò mí. Ògiri ni wọ́n ń wò.

“Níbo lo wà?”

“Mo wà níwájú yín, mà.”

“Mi ò rí ẹ. Sún mọ́bí.”

Mo sún. Wọ́n ní kí n tún sún. Mo gbàgbé ọ̀pá, mo gbàgbé ọwọ́. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kan tiwọn. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti wá bà lé mi. Lọ́dún méjìlá, mi ò sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí ilà kékeré tó wà lẹ́bàá imú wọn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ìwò tí wọ́n wò mí yẹn, kì í ṣe tuntun. Èyí tí mo ti ń mọ̀ lára láti ọjọ́ ìdána láìgbójú sókè ni, tútù, tí kì í ṣẹ́jú, bí ẹni tí olè ń bá jẹun lórí tábìlì kan náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìyàwó ilé kì í wo ìyá ọkọ lójú, èmi sì ní kámẹ́rà lọ́wọ́.

“Kí ló dé tí o ò tíì tẹ̀ ẹ́?”

“Mò ń bẹ̀rù yín ni, mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Èyí àkọ́kọ́, orí imú ni lẹ́ńsì náà mú. Bó bá lajú tán, ohun tó ń rí kedere kì í nípọn ju ìka lọ. Mo pa ojú rẹ̀ dé díẹ̀, mo há èémí mọ́ra, mo wo inú ẹyinjú ọ̀tún wọn, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà dé, ńlá, nínú férémù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. “Kí lèyí? O sọ Màmá di òṣìkà! Kò sí ẹ̀rín kankan lójú wọn.” Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́, wọ́n gbé férémù náà lọ sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi ojú wọn súnmọ́ ọn bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n tọ àgbọ̀n.

“Dákẹ́, ìwọ,” wọ́n sọ fún ọmọ wọn. “Ta ni mo ń rẹ́rìn-ín fún? Èmi nìyí. Ẹ gbé e kọ́.”

Wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú náà parí pátápátá. Bí àlejò bá wá, wọ́n á ní kó lọ wo fọ́tò náà. Bí àlejò bá ní ó rẹwà, pé àánú wà lójú rẹ̀, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa.

Èmi àti wọn ò di ọ̀rẹ́, mi ò sì ní tàn ọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń gún mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ẹni tó kórìíra èèyàn kì í rí i bó ṣe jẹ́ gan-an, kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni mi ò wojú wọn rí. Ilẹ̀ ni mò ń wò, mo sì ń pè é ní ọ̀wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ojú wọn ni mò ń wò bí wọn ò tilẹ̀ rí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ kí èèyàn dá èèyàn lóhùn. Mi ò tíì fẹ́ràn wọn. Àmọ́ mo ti wá mọ ẹni tí mò ń bá jà.