Màmá kan ní mo jí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi

Inú ṣì ń bí mi. Lónìí, nínú bùtíìkì mi níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, màmá kan fi olè pè mí nítorí àpò ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi sín.

Wọ́n gbé àpò náà yẹ̀ wò, wọ́n ní:
“Iṣẹ́ obìnrin Kútọnu kan lo jí wò yìí.”

Ni wọ́n bá na tẹlifóònù sí mi. Fídíò tí èmi fúnra mi ya nígbà tí mò ń sín àpò náà, tí mo fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni! Obìnrin náà ti gé orúkọ bùtíìkì mi kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àpá àtàǹpàkò mi yìí, kẹ́ ẹ wá wo ti inú fídíò.”

Wọ́n wò ó títí. Ohùn wọn rọ̀.
“Ọwọ́ rẹ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ní kó bá mi ṣe ọ̀kan. Mi ò lè yẹ àdéhùn.”

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Mo kọ̀wé sí obìnrin Kútọnu náà lórí tẹlifóònù, ńṣe ló dínà mọ́ mi kí n má lè kọ̀wé sí i mọ́.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ orúkọ mi gba àárín fídíò kọjá, bó tiẹ̀ máa bo ìlẹ̀kẹ̀ lójú, àbí kí n má ya fídíò mọ́?