Irin Ẹ́ńjìnnì Lórí Ọlọ Ata Mi

Ọmọ mi Ràsákì fi ọlọ ata mi pọ́n irin ẹ́ńjìnnì lónìí!

Bí mo ṣe ti ọjà Ìkòtún dé, mo bá a lẹ́yìnkùlé tó ń fi gbogbo agbára ha kámúṣáàfù, irin kan nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, lórí ọlọ. Ó ní tí òun bá dín àwọn kókó ara irin náà kù díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó yẹn á máa sáré bíi tuntun.

Mo ní, "Ṣé kò sí fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n irin nílé yìí ni?"

"Màmá, fáìlì ò lè mú un dán tó ọlọ. Mo máa fọ̀ ọ́ fún yín, ẹ má bínú jàre."

Mo lọ ata rodo méjì lórí ọlọ náà, mo bù ú sínú ṣíbí, mo nà án sí i.

"Ó yá, tọ́ ọ wò."

Ó rí lẹ́búlẹ́bú irin tó ń dán nínú ata, ó mi orí. Ìyàwó rẹ̀ tó ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba kámúṣáàfù, mo tì í mọ́ yàrá mi. Ọkọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ kò ní gbéra, àfi tó bá gbé ọlọ tuntun wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá a bẹ̀ mí, ẹ sọ̀rọ̀. Ata yẹn ṣì wà nínú ṣíbí. Ta ló máa kọ́kọ́ lá a?