Ìwé Ogun Tí Ọláìtán Ń Rà Jọ

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìjà Tíṣà Ọláìtán n'Ìkìrun láyé ọjọ́un, kó ṣáà pe àwọn ìwé rẹ̀ ní bébà lásán. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kì í jágbe mọ́ adìẹ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ìwé ogun rẹ̀ kí ẹ wo nǹkan. Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀ lójú ẹ̀ rí i jù. Ó ní ká ní obìnrin ni ọkọ òun kó wálé, òun ìbá mọ bí òun ó ṣe bá a fa á, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ìwé ṣe orogún? Odindi yàrá kan ló ti gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìwé ogun Jámánì wà níbẹ̀, ìwé ogun abẹ́lé wà níbẹ̀, ìwé tó ń sọ bí ìjọba ilẹ̀ kan ṣe ń bá ìjọba ilẹ̀ mìíràn lò, ẹni tó bá wọn mulẹ̀ àti ẹni tó dalẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀, òórùn èbu sì ń ti ara wọn jáde.

Ọjà Òkukù ló ti ń rà wọ́n. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́, bébà tí àwọn alákàrà àti ẹlẹ́pà fi ń di ọjà ló ń tà. Láti ìgbà tí ètò SAP ìjọba ti wọlé tí owó oṣù kò ti tó jẹun mọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn ti ń ṣí lọ sókè òkun, àwọn mìíràn sì ń kú, ìwé wọn ń bọ̀ lọ́jà nínú àpò ìrẹsì. Àmọ̀kẹ́ kò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ó mọ oníbàárà rẹ̀. Bó bá ti rí àwòrán ìbọn, tàbí ọkọ̀ ogun, tàbí máàpù, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bó bá rí òyìnbó méjì tó wọ kóòtù tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, á tún yọ ọ́, nítorí Ọláìtán ti ṣàlàyé fún un pé àwọn yẹn gan-an ló ń dá ogun sílẹ̀.

"Tíṣà, àwọn oníjà yín ti dé o," Àmọ̀kẹ́ á wí bó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán. "Ẹ tètè kó wọn kí wọ́n tó ba àkàrà jẹ́ fún mi."

Kì í ṣe pé ogun dùn mọ́ Ọláìtán nínú. Baba rẹ̀ ló ń wá. Tímótì Àkànní lorúkọ baba náà, ọmọ Inísà. Àwọn òyìnbó kó o lọ sógun Bọ́mà nígbà tí oyún Ọláìtán ṣì wà nínú Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, kò sì padà wá. Ọdún mẹ́ta kọjá, wọn ò gbúròó rẹ̀. Ni ẹbí bá pé jọ, wọ́n ní ó ti bógun lọ. Wọ́n gbé fìlà rẹ̀ àti agbádá rẹ̀ kan sínú pósí, wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé bí wọ́n ti ń sin ẹni tó kú sí ìdálẹ̀, Ọlọ́rundáre àbúrò rẹ̀ sì ṣú Àbẹ̀kẹ́ lópó. Bí ayé ìgbà náà ti rí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò rí i sí àbùkù.

Ọláìtán kò mọ ojú baba rẹ̀. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: lọ́jọ́ kan, nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, òun yóò rí àwòrán àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, ìyá òun yóò sì nàka sí ẹnì kan, yóò ní, "Bàbá ẹ nìyí." Ìyá ni yóò dá a mọ̀ jù, ìyá sì ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Ìdí nìyẹn tó fi ń kánjú.

Ẹni tó dúró tì í jù lórí ọ̀rọ̀ náà ni Bàbá Ọlọ́rundáre. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó tọ́ Ọláìtán bí ọmọ tó bí. Òun ló rán an ní ilé-ìwé olùkọ́, òun ló bá a fẹ́ Fọláṣadé, òun náà ló sì gé pákó tí wọ́n fi ṣe pẹpẹ ìwé. Bàbá Ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn n'Inísà. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn òkú, òun ló ń gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi á sì máa dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Gbogbo ìgbà tí Ọláìtán bá sì ka ìwé kan tán, Bàbá á bi í léèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé o ti rí i?" Ọláìtán á ní rárá. Bàbá á mí kanlẹ̀, á ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ìfẹ́ ni Ọláìtán pe ìyẹn. Ta ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún 1993, lọ́jọ́ ọjà kan, Àmọ̀kẹ́ kó ìwé mẹ́ta sílẹ̀ dè é. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí bí Nàìjíríà ti ń bá àwọn ilẹ̀ òkèèrè lò lẹ́yìn òmìnira. Ọláìtán kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí, àwọn ọkùnrin oníkóòtù ló kún iwájú rẹ̀. Ó rà wọ́n tán, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ sí Ìkìrun, ó sì sọ̀ kalẹ̀ n'Inísà láti kí ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó nawọ́ gba àwọn ìwé náà. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é nìyẹn. Kò lè kà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti máa ṣí àwòrán wọn, á sì máa fi àwọn òyìnbó inú wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tirẹ̀, gbogbo ìwé tó wà nílé Ọláìtán, ìwé Bọ́mà ni.

"Èyí mà sanra o. Ta ló ń gbé e rìn?" Ìwé àwọn oníkóòtù yẹn ló mú, ó ṣí i lọ, ó ṣí i bọ̀. Nígbà tó yá, ó dá ọwọ́ dúró lójú ìwé kan. Ọláìtán bojú wo ohun tó ń wò. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ni, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ìyá gbé ìka lé ẹni tó wà lápá ọ̀tún.

"Àkànní nìyí."

"Ìyá, ẹ wò ó dáadáa."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Etí òsì ẹ̀ nìyẹn, tí ajá gé jẹ nígbà tó wà ní kékeré. Ilà ojú ẹ̀ nìyí. Bó ti máa ń dúró nìyẹn, bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀." Ó ń fi ìka ra ojú ọkùnrin náà, ó ń ra á lọ sí àgbọ̀n.

Ayọ̀ gba ọkàn Ọláìtán kan. Ó wo ojú náà, ó rí imú ara rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Wọn ò kọ Bọ́mà. Kọ́ńgò ni wọ́n kọ, ọdún 1961. Baba tí wọ́n ti sin fìlà rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ló dúró nínú oòrùn Kọ́ńgò yẹn tó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni ìyá bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ fi han Bàbá ná, ìyá. Mò ń bọ̀." Ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Bàbá Ọlọ́rundáre wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ó ń jẹ iṣu sísun. Ọláìtán ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta nìyí?"

Bàbá wò ó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?"

Kò béèrè ẹni tí í ṣe. Kò ní ó jọ ọ́, kò ní kò jọ ọ́. Ibẹ̀ ni Ọláìtán ti mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé wọn ò kú."

Bàbá wo ọ̀nà títí, bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan wá gbà á sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá. "Mo ti ṣú ìyá rẹ lópó kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé," ló wí. "Ilé ló pé jọ, àwọn àgbà ló ní kí n gbé e. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n sin fìlà. Iṣẹ́ alárù ni mo ń ṣe ní réluwéè nígbà yẹn. Mò ń sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, ni mo rí i tó bọ́ sílẹ̀ tòun ti àpótí ṣọ́jà lórí. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, 'Dáre, Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́? Kí ló bí?'"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ìgbóná ti pa wọ́n. Òun àti ọmọ."

Ẹ gbọ́ irọ́. Bó bá sọ pé àrùn mìíràn ni, ọkùnrin náà ìbá ní kí wọ́n mú òun dé ibojì. Ṣùgbọ́n òkú ìgbóná, inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí, a kì í sunkún rẹ̀, a kì í sì í béèrè ibi tó wà. Bàbá tún ní ìgbóná náà ṣì wà nílé, kí ẹ̀gbọ́n òun má ṣe wọ̀lú. Tímótì Àkànní jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú òjò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kánò dé, ó wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Ọmọ tí ìgbóná pa yẹn, èmi nìyẹn?" Ọláìtán béèrè.

"Ìwọ ni. O ti ń pè mí ní bàbá nígbà náà." Bàbá ń sunkún, omi ojú kan náà tí wọ́n ti ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Mo fẹ́ràn ìyá rẹ, Ọláìtán. Kí ni kí n ṣe?"

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọláìtán ti ka ìwé títí, ó mọ orílẹ̀-èdè tó dalẹ̀ orílẹ̀-èdè, ó mọ ọ̀gágun tó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń ṣàlàyé wọn fáwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ibi jíjìn ni. Òun àti ọ̀dàlẹ̀ ló sì ti ń fọwọ́ bọ àwo kan náà láti kékeré. 'Ṣé o ti rí i?' Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yìí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Inú bí i gidigidi. Ohun tó tún wá dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ó ṣì fẹ́ràn Bàbá, kò sì mọ ibi tó lè gbé ìfẹ́ náà sí.

"Má sọ fún ìyá rẹ," Bàbá bẹ̀ ẹ́. "Ó ti dàgbà. Jẹ́ kó lọ lálàáfíà."

Ọláìtán pa ìwé dé, ó dìde. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ilé náà dàrú bó bá máa dàrú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé yàrá ìyá, ìyá ti wẹ ọwọ́ ẹ̀wà, ó ti wọ aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń dúró. Ìpinnu náà sì yẹ̀ lọ́kàn Ọláìtán.

"Kà á fún mi," ni ìyá wí.

Ó ṣí ìwé náà. "Wọ́n ní... àwọn ọmọ ogun wa nìyí, ní Bọ́mà, kí ogun tó parí."

"Bọ́mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

Ìyá gba ìwé náà, ó gbé e lé itan. Ó fojú sún mọ́ àwòrán náà. "Nígbà tí Àkànní ń lọ, irun orí ẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀ tí òòyà fi ń ṣẹ́ sínú ẹ̀. Ọkùnrin yìí ti pá lórí. Wo irùngbọ̀n ẹ̀, ó ti ń funfun. Ọláìtán, ta ló sọ ọ́ dàgbà nínú ibojì?"

Ọláìtán wolẹ̀.

"Bí wọ́n ti parọ́ fún mi nínú ilé yìí, kò tuntun. Wọn kì í ṣe ọmọ mi. Ìwọ ni mo bí." Ó ti ìwé náà padà sí i. "Kà á bó ṣe wà."

Ojú ti Ọláìtán. Ó kà á bó ṣe wà. Kọ́ńgò ni, ọdún 1961.

"Èwo nìyẹn nínú ọdún?"

"Ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira."

"Ọdún tí mo bí Rẹ̀mí," ni ìyá wí. Rẹ̀mí ni àbígbẹ̀yìn tó bí fún Bàbá Ọlọ́rundáre. "Dáre mọ̀?"

Ọláìtán sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ réluwéè, ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ìgbóná. Ìyá kò sunkún, kò káwọ́ lérí. Nígbà tó dórí ìgbóná nìkan ló gbójú sókè.

"Ó ní ìgbóná pa mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Àkànní náà sì gbà." Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún àwòrán náà. "Àṣé a jọ sin ara wa ni."

Bàbá Ọlọ́rundáre pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bu omi wá fún mi." Ó tún un pè. Ọláìtán dìde láti lọ dá a lóhùn, ìyá sì di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó fà á padà jókòó.