Ọba Méjìlélógún Lórí Síléètì

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀, tí irọ́ mi ti mọ́ lára, ó ní èyí ti pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó dé bá mi nílé ìwé wa ní Ẹdẹ, kí ẹ tó bú mi.

Èmi ni tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀. Òyìnbó tó ń yẹ ilé ìwé wò ti kìlọ̀ pé bí òun bá padà dé, tí wọn ò bá mọ ìṣirò, kíláàsì wọn yóò tú, kí oníkálukú lọ dàgbà sí i nílé. Ọ̀la ló ń bọ̀! Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Àlímọ́tù, ọmọ ọdún mẹ́fà, aláròyé, ọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣoko lọ́nà Sẹkọ́nà ti sọ fún mi pé bí wọ́n bá lé e nílé ìwé, oko ló kàn, kò sí ìwé mọ́.

Kí ló yẹ kí tíṣà tó gbọ́n ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Ìṣirò ni! Èmi ńkọ́? Mo ní ọwọ́ wọn le, kí n fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ dẹ̀ ẹ́ ná.

Mo ya ẹyin sójú pátákó, mo ní orí nìyẹn. Mo ya àmù sábẹ́ rẹ̀, ikùn dé! Etí méjì bí ewé kókò, adé ṣóńṣó bí òrùlé abà, ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kán bí òjò. Ọba aláwàdà! Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín. Ọmọ méjìlélógún yọ ahọ́n síta, wọ́n ń ya ọba sórí síléètì wọn.

Wàhálà dé nígbà tí mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí á ṣe ìṣirò. Kò sẹ́ni tó mira.

"Tíṣà," Àlímọ́tù ní, "itọ́ la fi ń pa síléètì rẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ta ló máa tutọ́ sí ọba lójú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kì í ṣe Kábíyèsí wa, ọba tí kò nílùú ni. Ó wo síléètì, ó wò mí.

"Ó ti dé adé, Tíṣà."

Mo ní kí wọ́n yí síléètì padà, kí wọ́n kọ ìṣirò sẹ́yìn. Wọ́n ní, kí ọba wá dojú bolẹ̀? Mo ní ó dáa, ẹ pa adé nìkan rẹ́, yóò di ará ìlú lásán. Yéè! Ọmọkùnrin kan bú sẹ́kún pé Tíṣà fẹ́ yọ ọba lóyè. Mo sáré ti fèrèsé. Ṣé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń pariwo nìyẹn, láyé ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó tí a wà yìí?

Mo mú àkísà tútù kí èmi fúnra mi nu ọ̀kan. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọwọ́ mi kọ̀. Ọmọ Ẹdẹ lèmi náà.

Ni a bá tò lọ sí ààfin kí Kábíyèsí fúnra wọn bá wa dá sí i, síléètì lórí. Àwọn obìnrin lọ́nà ń béèrè ohun tí a rù. "Ọba ni!" Àwọn mìíràn kúnlẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Ìjòyè kan wo àmù tí mo pè ní ikùn, ojú rẹ̀ korò. Kábíyèsí gba síléètì Àlímọ́tù, wọ́n bi í pé ta ló sọ fún un pé ikùn àwọn tó báyìí.

"Tíṣà ni!" Ó ti nàka sí mi kí n tó gbójú sókè.

Mo tún dojú bolẹ̀. Kábíyèsí fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni! Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi àti aṣọ wá, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn nu àwọn síléètì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé ọmọ ta ni. Ó wá ku ti Àlímọ́tù. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Èyí ò ní parẹ́. Ó jọ mí."

Ta ló máa sọ fún wọn pé ọmọ náà fẹ́ lò ó lọ́la? Èmi kọ́ o!

Ohun tí mo kọ́ ni pé ọmọdé a máa gba ohun tí a kọ́ ọ gbọ́ ju àwa tí a kọ́ ọ lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ọmọ wo ló ti mú yín báyìí rí? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n má baà dá nìkan jẹ́ òpùrọ́.

Ó wá ku ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Òyìnbó bá rélùwéè dé láti Òṣogbo. Ọmọ mọ́kànlélógún ṣe ìṣirò wọn, wọ́n gbà á. Ó bi Àlímọ́tù pé tirẹ̀ dà, èmi ni mo sì ń túmọ̀.

"Ó wà lọ́dọ̀ ọba."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó wò mí tìfura-tìfura, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fẹ́ kọ nǹkan.

Àfi bí ẹmẹ̀wà ọba kan ṣe wọlé, tó gbé nǹkan tí wọ́n faṣọ funfun wé. Síléètì ni, ọba ṣì wà lójú rẹ̀! Ó ní Kábíyèsí ní kí Àlímọ́tù ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, àwọn fún un láyè.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ gbà á. Ó kọ méje àti márùn-ún sábẹ́ apá ọba, ó kọ méjìlá síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Òyìnbó yí síléètì síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fàmì sínú ìwé rẹ̀. Ó ní kíláàsì náà kò ní tú mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ta ni ọkùnrin oníkùn ńlá yìí.

Ẹmẹ̀wà kò tíì lọ. Àlímọ́tù ń wo ẹnu mi. Kí n ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni?

Tèmi ti kóòtù funfun mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún síléètì.