Aṣọ Tí Mo Yàn fún Yàrá Onígíláàsì

Ọmọ wa àgbà ló kọ́ ilé kan fún wa ní àdúgbò Basin. Ó fi yàrá kan kún un níwájú, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, àfi ibi tó ti so mọ́ pálọ̀. Ó ní òun rí irú rẹ̀ lókè òkun níbi tí òun ń gbé, pé àwọn arúgbó ibẹ̀ a máa jókòó síbẹ̀ yá oòrùn. Mo ní, ta ló ń wá oòrùn kiri ní Ìlọrin? Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó bá fi owó ara rẹ̀ kọ́lé fún baba rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń borí.

Bí a bá ti kírun Ayilà tán báyìí, títí Àlàásárì yóò fi kọjá, yàrá yẹn a gbóná bí ààrò. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo gbàgbé rẹ̀. Ìyá wọn ni kò gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyàwó mi jẹ́. Ilé kéú ni wọ́n bí i sí, ilé kéú náà ló sì lọ́kọ sí. Nígbà tí mo gbé e, mo fi í sí ẹ̀há bí baba mi ti ṣe fún ìyá mi: kò gbọdọ̀ jáde lọ́sàn-án, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kò gbọdọ̀ rí i. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi gbé agbo ilé wa bẹ́ẹ̀ kí a tó kó wá sí ilé tuntun yìí. Etí ló fi ń mọ ohun tó ń lọ ní títì. Kò ráhùn rí. Èmi sì ka àìráhùn sí ìtẹ́lọ́rùn, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a nínú yàrá gíláàsì yẹn, òógùn ti bò ó.

"Ìyá wọn, ṣé o fẹ́ yan ara rẹ bí àgbàdo ni?"

"Ẹ wo ọkùnrin yẹn, Àáfà! Ó gbé ewúrẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, ewúrẹ́ ń wò yíká bí ọ̀gá ibi iṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ bá mi wá nǹkan ta síbẹ̀ kí oòrùn má pa mí. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà máa rí títì. N kò bẹ̀ yín ní nǹkan kan rí."

Òótọ́ ni, kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan rí.

Mo gba Táíwò Road lọ, sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta bíláìndì, aṣọ ojú fèrèsé tí wọ́n ń fi okùn fà sókè sódò. Ó gbé oríṣi méjì jáde. "Bàbá, ìkíní yìí fẹ́lẹ́, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Tí oòrùn bá wà lóde, ẹni inú ilé á máa rí ìta, ẹni ìta ò ní rí i. Ìkejì yìí nípọn. Oòrùn ò lè gba inú rẹ̀ kọjá, ojú náà ò sì lè gbà á." Ó yá mi ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kí n fi dán an wò.

A gbé e kọ́. Ooru dín kù, kò tán, ṣùgbọ́n ara gbà á. Mo bọ́ sí títì lọ́sàn-án gangan láti wò ó: òjìji ara mi nìkan ni mo rí nínú gíláàsì. Odindi ọjọ́ mẹ́jọ ni Ìyá wọn fi ń ròyìn títì fún mi bí akọ̀ròyìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, àáfà bíi tèmi, ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́yìn Màgàríbì. Ìyá wọn ti tan iná nínú yàrá náà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bí ìta ti ṣókùnkùn tí inú ilé sì mọ́lẹ̀, aṣọ yẹn dà bí ẹni pé kò sí. Orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ là ń rí.

Ọ̀rẹ́ mi dúró. "Àáfà, o ti sọ ìyàwó rẹ di ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Ó kù kí o lẹ iye owó mọ́ ọn lára!" Ó kú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi rí àti ohun tó wí fún ìyàwó mi.

"Ṣé ojú rẹ̀ ló ń bà yín lẹ́rù, àbí ẹnu rẹ̀?" Ó ní, "Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màá pa iná, màá wọlé. Ọ̀sán ni mo tọrọ lọ́wọ́ yín, Àáfà. Ẹ gba alẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Mo mọ̀ pé ó tọ́. Àmọ́ mo padà sí Táíwò Road, mo ra èyí tó nípọn, aláwọ̀ ilẹ̀, mo ní kí wọ́n fi bo gbogbo gíláàsì náà. Obìnrin náà bi mí pé kí ló dé. Mo ní oòrùn ni. Mo purọ́ fún un.

Yàrá náà tutù. Ìyá wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fọwọ́ ra aṣọ náà, ó ní, "Ó dáa. Ó jọ agbo ilé." Mo ní okùn wà, kó máa fà á sókè nígbà tó bá wù ú. Ó ní, "Bí mo bá fà á sókè, oòrùn. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, òkùnkùn. Ẹ ti bá mi yàn án."

Nígbà tí ọmọ wa obìnrin bímọ ní àdúgbò Ṣàngó, Ìyá wọn lọ wẹ ọmọ fún un. Ọmọ ti ń rìn báyìí, ìyá àgbà ò tíì padà. Mo bi ọ̀rẹ́ mi bóyá ó rántí ọ̀rọ̀ tó sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Èmi? Á jẹ́ pé mo kàn ń ṣàwàdà ni."

Mo lọ kí ìyàwó mi ní Ṣàngó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó fi ìborùn borí, ó kọjú sí títì. Mo ní màá pààrọ̀ aṣọ náà, kó ṣáà máa bọ̀ nílé.

"Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wòde níbẹ̀," ló wí.

Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó kí i. Ìyàwó mi dá a lóhùn, ó bi í léèrè ọkọ, ó bi í léèrè ọmọ, ó sì fi ohùn òkè ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e, n kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.