Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Kò Pariwo Èéfín

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ, Ajégúnlẹ̀ la sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1985 á mọ̀ pé nǹkan méjèèjì yìí kò lè bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Tánkà epo tó ń lọ sí Kirikiri á tò sójú títì, wọn ò ní paná ẹ́ńjìnnì, èéfín dúdú á máa tú jáde nídìí wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Létí kánàálì, wọ́n ń sun ìdọ̀tí àti táyà. Tí ìyá mi bá sá sùtánà sórí okùn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, eérú dúdú wẹ́wẹ́ á ti bà lé e, bí ìgbà tí eṣinṣin yàgbẹ́ sí i.

Àmọ́ kì í ṣe tánkà ni ìyá mi ń bá jà. Ta ló fẹ́ bá tánkà jà? Obìnrin kan láti apá Wàrì, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé lábẹ́ fèrèsé wa gan-an, ló ń bá jà. Bó bá ti ko iná báyìí, ìyá mi á yọ orí síta.

"Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé ẹ fẹ́ fi èéfín pa wá ni? Ẹ wo sùtánà mi!"

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín. "Madam, no vex. Na so smoke be."

Ojoojúmọ́ ni. Gbogbo ilé ti fi ariwo wọn ṣe aago.

Ìkórè ìjọ wa bọ́ sí àsìkò òjò lọ́dún kan. Aṣọ kò gbẹ bọ̀rọ̀, èyí tó bá sì fẹ́ gbẹ, èéfín á bà á jẹ́. Nígbà tó di Sátidé tí ìkórè kù ọ̀la, ìyá mi ní òun ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ó kó gbogbo sùtánà wọ yàrá kan ṣoṣo tí a ní, tiwa àti ti àwọn akọrin tó ń bá fọ̀. Ó ta okùn láti ògiri dé ògiri. Ó gbé àdògán eléèédú sábẹ́ wọn kí wọ́n lè gbẹ, ó da èédú pípọ́n sínú áyọ́ọ̀nù. Ó ti fèrèsé, ó fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí èéfín máa gbà wọlé lónìí," ó ní. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Èédú náà ti pọ́n, kò rú èéfín kankan. Ìyẹn ló tàn wá. Òjò ń rọ̀ níta, yàrá móoru, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti sùn lórí ẹní. Èmi ń wọ́n omi sáṣọ, ìyá mi ń lọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ìyá mi ní ebi ni, pé orí ń fọ́ òun náà, ká yára parí rẹ̀ ká lè jẹun. Lẹ́yìn náà ló gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó gbórí ti ibùsùn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́.

Nígbà tí òjò dá, ìyá ẹlẹ́ja ko iná rẹ̀. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ń retí èébú. Èébú kò dé. Ó tún fi igi kún un, èéfín bo fèrèsé wa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ó rí bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà. Ara rẹ̀ kò gbà á.

Mo gbọ́ tó ń gbá ilẹ̀kùn. "Madam! You dey inside? Open door!"

Mo wọ́ dé ibẹ̀, mo fa irin ilẹ̀kùn. Ohun tí mo rántí ni ọwọ́ tó ń ta òórùn ẹja, tó di apá mi mú, tó fà mí sí kọ́ridọ̀. Ó fa ìyá mi jáde. Ó padà wọlé, ó gbé àbúrò mi jáde, ọrùn ọmọ náà ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Ọmọ tó ń kọrin láàárọ̀! Wọ́n pè é, kò dáhùn. Obìnrin náà gbé e sáré lọ sẹ́yìnkùlé, àwọn ará ilé gbé èmi àti ìyá mi tẹ̀ lé e, àwọn kan ń pe Jésù, àwọn kan ń pe Ọlọ́hun. Afẹ́fẹ́ wá ta sí ìyá mi, ó lajú, ó rí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja, ó sì figbe ta: "Kí lẹ fi ṣe ọmọ mi?"

Obìnrin náà tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná ẹja ló fi ń fẹ́ ọmọ náà. Àbúrò mi húkọ́. Ó tún húkọ́, ó bú sẹ́kún.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi wá pé kí la dáná sí nínú yàrá. Ìyá mi sọ fún un.

"Mà, èédú tó pọ́n yẹn ní afẹ́fẹ́ olóró. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Tí kò bá ríbi gbà jáde, ojú oorun ló ti ń pani."

Ìyá mi wò ó bí ẹni tí wọ́n ń purọ́ fún. "Ṣùgbọ́n mo ti fèrèsé o."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn, mà."

Títí dòní ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú sì ń bí mi pẹ̀lú, nítorí ta ló lé wa wọ yàrá? Ká ní awakọ̀ tánkà ń paná ẹ́ńjìnnì, ká ní wọ́n ń kó ìdọ̀tí wa bó ṣe yẹ, orí okùn níta ni ìyá mi ì bá sá aṣọ rẹ̀ sí. Àwọn ọ̀gá tó ń gbé Àpápá GRA ní igi ńláńlá tó ń sẹ́ èéfín fún wọn. Àkísà làwa ní.

Sùtánà tí kò lọ̀, tó ní eérú lápá, ni ìyá mi wọ lọ sí ìkórè. Àdògán kò wọ yàrá wa mọ́, fèrèsé wa sì wà ní ṣíṣí. Ìyá ẹlẹ́ja gbé iná rẹ̀ lọ sí igun odi, kí atẹ́gùn lè gbé èéfín náà gba ibòmíràn lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dáná níbẹ̀, ó gbójú sókè wo fèrèsé wa, kò fọwọ́ kan ẹja.

"Madam, you dey?"

Ìyá mi yọ orí síta. "A wà o. Ọmọ náà wà."

Ìgbà yẹn ló tó gbé ẹja síná.