Ẹnu Tí Mo Lọ Pààrọ̀ ní Ọ̀yọ́

Títí dòní ni mo ṣì máa ń rí i lójú oorun: fèrè idẹ ńlá kan, ó ká bí ìkarahun ìgbín, ìkùukùu Ògbómọ̀ṣọ́ ń wọlé sí i lára, ó sì ń jáde bí orin. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó ní sùúrù. Irọ́ ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ní nǹkan bí ọdún 1988 ni. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan ló fi fèrè náà sílẹ̀ fún ìjọ Onítẹ̀bọmi wa kó tó padà sílé. Họ́ọ̀nù Faransé ló pè é; àwa ń pè é ní Ìgbín. Èmi ni mò ń fun ún. Tí mo bá fun ún nílẹ̀ nílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò Takie á kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn òkè gígùn kan wà nínú orin Àjíǹde tí gbogbo akọrin ń dúró dè. Tó bá ti kan ìyẹn, Ìgbín á wúkọ́, adìẹ á sì yé ẹyin tí kò ní èèpo.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ afunfèrè wa, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹnu ni. Lọ tún ẹnu ṣe. Tó bá tún wúkọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde, télọ̀ ni màá gbé e fún."

Télọ̀ tó ń gbá àwo idẹ lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ wò ó, ẹnu fèrè la ń pe idẹ kékeré tí à ń gbé sétè. Kí ló tún kù tí mi ò bá rò? Mo yọ ọ́, mo dì í sínú áńkáṣífù, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ni bàbá kan ti ń tún sítóòfù àti búútà ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Òo. Kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹnu ni."

"Eyín ń dùn ọ́? Èmi kì í ṣe dókítà o."

"Ẹnu fèrè ni, bàbá!"

Ó wò ó yí ká. Ó wá búútà idẹ àtijọ́ kan tó ti ń jò, ó gé ẹnu rẹ̀, ó fi fáìlì ha á títí ó fi ń dán. "Búútà àlùwàlá ni o," ó ní. "Bó bá pè ọ́ wá kírun, má sá."

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà, mo gbé e sétè, mo fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. Àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń tẹ̀ lé wa. Dírẹ́bà gbàgbé bíréèkì. A kàn ń fò lọ bí òwú nínú afẹ́fẹ́.

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ohùn òkè náà ń jáde geere. Mo ń yan kiri ìlú. Àṣé nǹkan tuntun ló ń pa mí bí ọtí. Ní Sátidé tí Àjíǹde ku ọ̀la, Ìgbín tún wúkọ́.

"Ọ̀gá, mo ti pààrọ̀ ẹnu o!"

"Ẹnu wo?"

Mo yọ ọ́ hàn án. Ó wò ó, ó wò mí. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ẹnu tìrẹ ni mo wí! O máa ń rẹ́rìn-ín sínú fèrè."

Ó gbé dígí síwájú mi, ó ní kí n fun ún. Lóòótọ́, bí ohùn ti ń gòkè ni ètè mi ń sá lọ bá etí, bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ẹ̀rín ni wọ́n bí mọ́ mi; ta ló ń bá èèyàn gé ìyẹn ní Ọ̀yọ́?

Ilẹ̀ Àjíǹde mọ́ tòun ti ìkùukùu. Mo ti dá ẹnu fèrè àtijọ́ padà. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo ń wá ohun ìbànújẹ́ tí màá rò, gbogbo ohun tí mo rò ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ku díẹ̀ kó kàn mí ni ojú mi bọ́ sára télọ̀. Àpò kan wà ní èjìká rẹ̀, àpò àrán pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó rí róbótó bí ìkarahun. Ó ti rán ẹ̀wù fún Ìgbín mi!

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ètè mi fún pọ̀. Mo fun ún.

Kò wúkọ́. Ohùn náà gun ìkùukùu, ó kọjá òrùlé páànù, ó gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ. Bàbá onísítóòfù fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìsìn, télọ̀ ju àpò náà lù mí láyà. "Gbà, ẹlẹ́rìn-ín. Kò bá nǹkan mìíràn mu."

Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ètè mi ò tíì tú.